Bí Ọmọ Yín Ṣe Lè Kọ Àbá Ìwádìí Kí Ẹ̀wà Tó Hù

"Mo rò pé ẹ̀wà á hù dáadáa." Ohun tí ọmọkùnrin kan ní JSS 2 kọ sínú nóòtù rẹ̀ nìyẹn nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ hypothesis wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, kí a tó gbin ẹ̀wà sínú agolo. Mo bi í léèrè pé, "Kí ni n ó fojú rí tí n ó fi mọ̀ pé ó hù dáadáa?" Ó dákẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Ọmọ náà ń ronú o. Kò tíì sí ẹni tó jókòó tì í kó fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn án ni.

Badagry níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Basic Science, àbá sì ni mo máa ń pe hypothesis ní kíláàsì mi. Àwọn àgbà ní àbá níí dòótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Àwọn àgbà kan náà ló ní àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta. Ẹ fi òwe méjèèjì sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ yín lọ́wọ́: ẹni tó dá àbá ti gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè ló ń ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó wá látinú ohun tí ọmọ fojú rí. Ọmọbìnrin kan sọ fún wa pé ìyá-ìyá òun máa ń da omi iyọ̀ sórí koríko ẹ̀yìnkùlé kó lè kú. Ibẹ̀ la ti rí tiwa: ṣé irúgbìn tí a bá fi omi iyọ̀ rin á hù bí èyí tí a fi omi lásán rin?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ọmọ ní ohun mẹ́ta. Kí lo fẹ́ fọwọ́ ara rẹ yí padà? Iyọ̀ inú omi. Kí lo máa kà? Iye ẹ̀wà tó bá yọ gbòǹgbò funfun lọ́jọ́ karùn-ún. Kí ni kò gbọdọ̀ yàtọ̀? Gbogbo ìyókù: agolo mílíìkì méjì tó dọ́gba, òwú ìwọ̀n kan náà, ẹ̀wà mẹ́wàá-mẹ́wàá látinú kóńgò kan ṣoṣo tí a rà ní ọjà Agbálàtà, ojú fèrèsé kan náà. Bí ọmọ bá gbé agolo kan sínú oòrùn, tó gbé èkejì sábẹ́ tábìlì, kò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ ló ṣe é tàbí ooru.

Ìgbà yẹn ló tó kọ ọ́. Bí a ṣe kọ tiwa lákọ̀ọ́kọ́ rèé: "Bí mo bá po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ omi 50cl, tí mo fi rin irúgbìn mẹ́wàá, tí mo sì fi omi lásán rin mẹ́wàá mìíràn, iye tó máa hù nínú omi iyọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún á kéré sí ti omi lásán, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn rí omi fà mu."

"Nítorí" yẹn ni àwọn ọmọ máa ń fò. Ẹ má gbà fún wọn. Àbá tí kò nídìí, tẹ́tẹ́ ni. Mo mú ẹja tútù kan wá sí kíláàsì, mo là á, mo fi iyọ̀ pa á lára, mo gbé e sínú àwo. Kí aago tó lù, omi ti ń sun lára ẹja náà, ó ti ń ṣàn nínú àwo. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Iyọ̀ tó fa omi jáde lára ẹja náà ló ń dí omi lọ́nà kó má ráyè wọnú irúgbìn. Ọmọ tó bá ti rí èyí, ìdí ti dé ẹnu rẹ̀, kò ní dà á kọ látinú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ yẹn tún dìde. "Àǹtí, àgbọn ńkọ́? Etí òkun ló ń hù sí." Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun wa ti rí igi àgbọn tó tò lọ bẹẹrẹ lórí iyanrìn. Àgbọn lè léfòó lórí òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó gúnlẹ̀, kó sì hù. Lójú ẹsẹ̀ la pa "irúgbìn" rẹ́, a fi "ẹ̀wà olóyin" rọ́pò rẹ̀. Kí omi tó kan ẹ̀wà, ẹ lè tún àbá kọ níye ìgbà tó bá wù yín. Bí omi bá ti kàn án, ó parí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí wọ́n fi báírò kọ ọ́, kí wọ́n kọ déètì sí i. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rin kan kọ ọ́ pé ẹyọ kan ò ní hù nínú omi iyọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, mẹ́fà hù. Wọ́n fi ìrésà pa àbá wọn rẹ́, wọ́n kọ òmíràn tó bá ohun tí wọ́n rí mu. Mo rí ojú àpá rẹ̀ lórí bébà. Ó dùn mí, nítorí nígbà tí mo wà ní iléèwé, olùkọ́ kan fún mi ní òdo torí pé àbá mi kò ṣẹ, odidi táàmù kan ni n kò fi dá àbá mọ́.

Mo ní kí wọ́n gbé ike omi iyọ̀ wọn wá. Iyọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbáàgbáà, kò yòrò. Wọn ò mì ín. Omi tí ẹ̀wà wọn mu ò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Bí kò bá sí àbá tó kùnà yẹn, ta ni ì bá wo ìsàlẹ̀ ike?

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má bá ọmọ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Mo máa ń dá ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì fún un ní báírò.

Àwọn ọmọ mẹ́rin náà tún un ṣe. Wọ́n mi ike títí iyọ̀ fi yòrò tán. Lọ́jọ́ karùn-ún, méjì hù. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Méjì hù, àbá wa kò rí bẹ́ẹ̀ tán." Abẹ́ àbá wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí, níbi tí àpá ìrésà ṣì wà.