Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ ilé ìdáná láti Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Ítálì

Mo fàlà sójú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, àti bí a ṣe ń pè é. Gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo kọ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú rẹ̀ (bíi il tàbí la), torí òun ló ń jẹ́ ká mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Èyí tó bá parí sí o sábà máa ń jẹ́ akọ, èyí tó parí sí a sábà máa ń jẹ́ abo. Èyí tó parí sí e ni mo ń yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò fún: il sale (iyọ̀) jẹ́ akọ, la carne (ẹran) jẹ́ abo. Bí akọ bá fi z bẹ̀rẹ̀, lo ló ń gba ipò il: lo zucchero, ìyẹn ṣúgà. Ẹyin ò bá wọn ṣe: akọ ni l'uovo, ẹyọ kan, tó bá ti di méjì, ó di abo, le uova.

Pepper ni mo pẹ́ lé lórí jù. Ata dúdú tí wọ́n ń lọ̀ ni pepe, tàtàṣé ni peperone, ata wẹẹrẹ tó ń ta lẹ́nu ni peperoncino. Ẹni tó bá béèrè peperoni tó sì ń retí sọ́séèjì, tàtàṣé ni wọn yóò kó fún un. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi Yorùbá ro nǹkan ọ̀hún kí n tó wá orúkọ rẹ̀. Bọ́tà sì ni burro. Caldo tó dún bíi cold, gbígbóná ni.

Tó bá kan ìpè, ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú sílébù tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, fáwẹ̀lì méje ni Ítálì ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u, gẹ́gẹ́ bíi tiwa gan-an! Nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn, è ni ẹ, é ni e, ò ni ọ, ó ni o. Àmì ohùn kọ́ o, ẹ má kà á ní dò àti mí. Pesca tí a fi ẹ pè jẹ́ èso píìṣì. Tí a bá fi e pè é, ẹja pípa ni. Kì í ṣe gbogbo agbègbè Ítálì ló ń pa ìyàtọ̀ yìí mọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

P tiwa ló lè tan wá. Ní pane (búrẹ́dì), ètè nìkan ló ń pàdé. Ẹ̀yìn ahọ́n kò gbọdọ̀ kan òkè ẹnu bó ti ń ṣe nínú "pápá". Ch jẹ́ k, sc níwájú e tàbí i jẹ́ ṣ: pesce (ẹja) dún bíi "peṣe", kí ẹ kàn fa ṣ náà díẹ̀.

Kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po méjì le fún ahọ́n Yorùbá, torí a ò ní in. Sete ni òǹgbẹ, sette ni èje. Ní sette, ẹ jẹ́ kí ahọ́n dúró lẹ́yìn eyín fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Sílébù kejì láti ìparí ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀: paTAta. Ti TAvolo (tábìlì) àti ZUCchero yàtọ̀, mo sì fàlà sí wọn nídìí.

Lẹ́yìn náà ni mo so ọ̀rọ̀ pọ̀. Bíi tiwa, orúkọ ló sábà máa ń ṣáájú: acqua calda, omi gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá orúkọ mu: pane caldo (búrẹ́dì gbígbóná), pomodori rossi (tòmátì pupa), cipolle rosse (àlùbọ́sà pupa). Tó bá jẹ́ díẹ̀ nínú nǹkan lẹ ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ Ítálì náà, "di", á so mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú orúkọ: vorrei del pane (mo fẹ́ búrẹ́dì díẹ̀), vorrei dello zucchero (ṣúgà), vorrei dell'olio (òróró).