Kí Pọ́díkáàsì Géèmù Onítàn Má Baà Sú Yín: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Mo mọ àwọn ènìyàn ní Àkúrẹ́ níbí tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ Dungeons & Dragons rí, yálà lójú fíìmù tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́ wọn ní yunifásítì FUTA, tí wọ́n sì fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wá pọ́díkáàsì kan, ìyẹn ètò tí wọ́n ń fi etí gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹ́tí sí i fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n á pa á, wọ́n á ní kò yé àwọn. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mò ń gbọ́ lórí fóònù tó dùn mọ́ mi báyìí. Kì í ṣe pé wọn ò ní sùúrù. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kò dáa.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá: eré orí tábìlì ni. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ló ń sọ bí ìlú ṣe rí, ẹni tó dúró sójú ọ̀nà, ohun tí ọ̀tá ń gbèrò. Àwọn yòókù, olúkúlùkù wọn á di ẹ̀dá-ìtàn kan: jagunjagun, olè, oṣó, àlùfáà. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á ju dáìsì, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, àìmọye irú eré bẹ́ẹ̀ ló sì ti tẹ̀ lé e. Ní báyìí, àwọn kan ń gba ohùn eré tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n ń gbé e sí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́.

Bíbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó lókìkí jù

Àṣìṣe tó tóbi jù nìyí, òun ló sì ń lé ènìyàn sá jù.

Bí ẹ bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé èwo ni kí ẹ gbọ́, Critical Role ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Òkìkí náà tọ́ sí wọn. Matthew Mercer ló darí àwọn ìtàn wọn àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ fífi ohùn ṣeré nínú kàtúùnù àti géèmù fídíò ni gbogbo wọn ń ṣe. Oṣù kẹta 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà han aráyé. Nígbà tó fi di 2022, ìtàn tí wọ́n pa lórí tábìlì ti di kàtúùnù lórí Amazon, èyí tí wọ́n pè ní The Legend of Vox Machina. Mo fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, n kì í rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ni gígùn. Apá kan ṣoṣo máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún, ìtàn wọn àkọ́kọ́ nìkan sì ní apá 115. Èkejì ni pé wọ́n ti ń ṣe eré náà nínú ilé fún ìgbà pípẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Nítorí náà, ní apá kìn-ín-ní tí ẹ̀yin ń gbọ́, àwọn ẹ̀dá-ìtàn yẹn ti mọra, wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà, wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ẹ̀yin á wá dà bí ẹni tó dé ibi ìpàdé ẹbí nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kan ogún. Ẹ̀kẹta, eré tí wọ́n ṣe fún ojú ni. Wọ́n á na ọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀, wọ́n á sún ère kékeré síwá sẹ́yìn, ẹni tó ń fi etí nìkan gbọ́ á sì máa méfò.

Àbúrò mi kan pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ fún wákàtí méjì, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí." Mo ní kó pa á, kó lọ wá One Shot.

One Shot ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. James D'Amato ló dá a sílẹ̀ ní 2013. Ètò rẹ̀ rọrùn: wọ́n á mú géèmù kan, wọ́n á ṣe ìtàn kan, ìtàn náà á parí láàárín apá díẹ̀, wọ́n á sì mú géèmù mìíràn. Ẹ ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ òpin. Ìgbà tí ènìyàn bá ti gbọ́ òpin ìtàn kan ló máa ń mọ̀ bóyá nǹkan yìí bá òun lára mu, kì í ṣe ìgbà tó wà láàárín igbó.

Bí ẹ bá wá fẹ́ èyí tó gùn, ẹ lọ sí The Adventure Zone. Ọmọ ìyá mẹ́ta, àwọn McElroy, pẹ̀lú bàbá wọn Clint ló ń ṣe é, 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tuntun ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ́ eré náà lọ́wọ́. Bàbá á béèrè ohun tí kò yé e, ọmọ á ṣàlàyé, àlàyé náà á sì yé ẹ̀yin náà. Ìtàn wọn àkọ́kọ́, Balance, ti parí láti 2017, nítorí náà kò sí pé ẹ ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu bí eré àwàdà yẹn ṣe wá di ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún nígbà tó yá.

Dída oríṣi méjì pọ̀

Ẹni tó ń wá ìtàn lè ṣèèṣì tẹ pọ́díkáàsì tí àwọn méjì ti ń jiyàn lórí òfin eré, á sì rò pé gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni eré gan-an, èkejì ni ìjíròrò nípa eré. Ken and Robin Talk About Stuff, tí Kenneth Hite àti Robin D. Laws ti ń ṣe láti 2012, ìjíròrò ni: wọ́n á sọ̀rọ̀ eré díẹ̀, wọ́n á yà sórí ìtàn àtijọ́, wọ́n á sọ ti oúnjẹ. Ó dùn fún ẹni tó ti mọ̀dí eré náà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri ló ń pinnu ohun tí ẹ ó rí. Bí ìtàn lẹ fẹ́, ẹ tẹ "actual play". Bí ẹ bá fẹ́ kékeré tó parí kíákíá, ẹ fi "one-shot" kún un. Bí ẹ bá ń múra láti darí eré fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, "GM advice" ni (GM ni wọ́n ń pe olùdarí). Ẹ má kàn tẹ "podcast D&D" kí ẹ sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ yọ.

Ríronú pé Dungeons & Dragons nìkan ló wà

Idà, dírágónì àti oṣó kò bá gbogbo ènìyàn lára mu, kò sì sí dandan. Láti 1981 ni ilé iṣẹ́ Chaosium ti gbé Call of Cthulhu jáde. Nínú rẹ̀, akọ̀ròyìn, olùkọ́, dókítà, àwọn ènìyàn lásán bíi tèmi tìrẹ, ń tọpa àṣírí tó ń bani lẹ́rù. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á fẹ́ràn rẹ̀ ju dírágónì lọ. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ eré rẹ̀ mélòó kan, The Good Friends of Jackson Elias wà fún ìjíròrò lórí rẹ̀. The Glass Cannon Podcast, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, fi Pathfinder, eré idà àti oṣó mìíràn, ṣe tiwọn. Friends at the Table, tí Austin Walker ń darí, máa ń pààrọ̀ géèmù bí ìtàn bá ti yí, wọ́n sì máa ń ronú jinlẹ̀ lórí agbára, ìlú àti ẹni tí ìyà ń jẹ. Into the Mother Lands tí Tanya DePass dá sílẹ̀ jẹ́ ti fídíò, àmọ́ mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ayé tí adúláwọ̀ ti jẹ́ onílé ni wọ́n fi ṣe ìtàn wọn. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá gbọ́ ọ.

Jíjẹ́ kí dátà tán

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbé jáde ní 128 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń jẹ nǹkan bíi MB 58 ní wákàtí kan, ti 64 kbps á jẹ nǹkan bíi MB 29. Apá oníwákàtí mẹ́rin ní 128 á ti lé ní MB 230. Bí ẹ bá wá lọ ń wo fídíò rẹ̀ lórí YouTube nígbà tó jẹ́ pé etí lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ, iye yẹn á di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Mo rí ẹni tó tan iná fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí YouTube láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, tó sì fi í sínú àpò. Bátìrì lọ, dátà lọ.

Ẹ gbà á sórí fóònù kí ẹ tó jáde, níbi tí Wáì-Fáì bá wà tàbí pẹ̀lú dátà òru. Lójú ọ̀nà Ìdànrè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ á bọ̀, àmọ́ èyí tó ti wà lórí fóònù kò ní já. Lórí Android, AntennaPod dára púpọ̀: ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ sínú ètò rẹ̀, ẹ pa "automatic download", ìyẹn gbígbà fúnra rẹ̀, kó má baà kó apá ogún jọ láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Àwọn tó ń lo iPhone ti ní Apple Podcasts lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Spotify náà gbà kí ẹ gba pọ́díkáàsì sílẹ̀ láìsanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà bẹ́ẹ̀ fún orin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ lo Google Podcasts, ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn, wọ́n ti pa á láti 2024.

Fífẹ́ mọ gbogbo òfin kí ẹ tó gbọ́

Kò pọn dandan. Dáìsì olójú ogún ni wọ́n máa ń jù jù nínú Dungeons & Dragons. Wọ́n á ju ú, wọ́n á fi nọ́ńbà tí ẹ̀dá-ìtàn wọn ní kún un, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó iye tí olùdarí ní lọ́kàn, ó bọ́ sí i nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́ tí gbogbo wọn pariwo, 20 gan-an ló jáde. Tí wọ́n bá kígbe "yéè", 1 ni. Èyí tó kù, etí yín á bá a mu. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá yára jù, ẹ dín bó ṣe ń yára kù sí 0.9 lórí fóònù yín, ẹ má tijú.

Fífi tábìlì yín wé tiwọn

Àṣìṣe yìí kì í hàn títí di ìgbà tí ènìyàn bá ti gbọ́ púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi burú. Àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ nínú yàrá kan ní àdúgbò FUTA, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣe tiwọn. Olùdarí á ṣàkíyèsí pé òun ò lè pa ohùn dà bíi Mercer. Ẹnì kan á gbàgbé òfin, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á máa yẹ ìwé wò. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ni kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ohùn pípa dà ni iṣẹ́ oòjọ́ Mercer. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré láìsí ìwé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì ni wọ́n sì ti gé: ìdákẹ́jẹ́ẹ́, yíyẹ ìwé wò, ẹni tó dìde lọ mu omi, wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó dé etí yín. Ohun tó yẹ kí ẹ jí nínú eré wọn kì í ṣe ohùn. Ẹ fetí sí bí olùdarí ṣe ń béèrè "kí lo fẹ́ ṣe?" tí á sì dúró gbọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn sókè, tí ẹnì kan á fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Èyí, ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ lè ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní Yorùbá ẹnu wa.

Gbígbé ohùn rẹ̀ sókè nínú ilé

Nínú ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì yìí, èébú òyìnbó kì í jìnnà, The Adventure Zone náà wà níbẹ̀. Apple máa ń fi lẹ́tà E kékeré sí ara irú rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sí pálọ̀ tí àwọn ọmọdé wà.

Bí Mọ́mì bá sì béèrè pé kí ni dírágónì àti oṣó ń wá nínú fóònù yín, ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn òbí àti ìjọ bẹ̀rù eré yìí gidigidi. Ẹ fún wọn ní etí kan íápíìsì náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín, kí ẹ ṣàlàyé pé ìtàn ni, dáìsì ló ń pinnu rẹ̀. Èyí tó bá sì ń ba ẹ̀rí ọkàn yín jẹ́ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀, òmíràn pọ̀.

Lórí ọ̀kadà, etí kan ló yẹ kí íápíìsì wà. Bí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ yọ ọ́ pátápátá.

Nínáwó kó tó yẹ

Gbígbọ́ kò gba kọ́bọ̀ kan yàtọ̀ sí dátà. Sísan owó oṣooṣù fún àwọn olùṣe é dára, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn kan parí, nítorí dọ́là ni wọ́n sábà máa ń gbà, iye náírà rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ má tíì ra ìwé. Wizards of the Coast, tó ni Dungeons & Dragons, ti gbé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní 2023 wọ́n tún fi ìwé òfin kan, SRD 5.1, sábẹ́ àṣẹ Creative Commons tí ẹnikẹ́ni lè lò. Dáìsì olójú ogún pàápàá, ẹ tẹ "roll d20" sínú Google, á bá yín jù ú.