Òòyà, bátìrì àti gílóòbù: kí àdánwò iná mànàmáná má bàa kùnà

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, àsìkò ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe àdánwò iná tó ń dúró sójú kan. Ẹ fi òòyà rọ́bà ya irun gbígbẹ ní ìgbà 20, ẹ gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́. Á fà wọ́n mọ́ra, torí electron (àwọn ègé tíntìntín tó ń gbé iná) ti kúrò lára irun bọ́ sára òòyà. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí iná náà pẹ́ lára òòyà. Irun tó lépo náà kò dáa.

Iná tó ń ṣàn ló máa ń da ọmọ láàmú jù. Ẹ wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan (1.5V), gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré àti wáyà méjì. Ẹ bó rọ́bà ẹnu wáyà kúrò, bíi 2 cm; ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí. Wáyà kan láti ìdí bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ irin gílóòbù, ìkejì láti orí bátìrì sí kókó ìsàlẹ̀ gílóòbù. Bí méjèèjì bá jọ kan ẹ̀gbẹ́ irin yẹn, kò ní tàn, wáyà á gbóná, bátìrì á sì tètè kú. Ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ki wáyà yìí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri o: 230V ń pa èèyàn.