Àfojúsùn Ìlera Tó Ṣe É Kà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Kò sí àgbẹ̀ tó máa gbé ọkọ́ lọ sóko pẹ̀lú èrò pé òun fẹ́ kọ ebè "díẹ̀". Iye tó fẹ́ kọ ló máa ń ní lọ́kàn, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yóò mọ èyí tó kù. Ṣùgbọ́n tó bá kan ara wa, ọ̀rọ̀ a yí padà: "Mo fẹ́ kí ara mi le sí i." "Mo fẹ́ dín sísanra kù." "Màá bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá láìpẹ́." Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, kò sí ohun tí èèyàn máa fi mọ̀ bóyá òun ti ṣe é tàbí òun ò ṣe é.

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, ẹ mú èyí: ohun tí ẹ ń ṣe ni kí ẹ máa kà lójoojúmọ́, ohun tí ara bá fi dá yín lóhùn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Rírìn fún 20 ìṣẹ́jú wà níkàáwọ́ yín. Iye tí òṣùwọ̀n máa fi hàn láàárọ̀ ọ̀la kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Omi tí èèyàn mu, oúnjẹ tí kò tíì dà, iyọ̀ inú oúnjẹ alẹ́, nǹkan oṣù obìnrin, èyíkéyìí nínú wọn lè gbé ìwọ̀n ara sókè ní kílò kan tàbí méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọ̀rá ara má sì tíì kún rárá. Ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ tó sì ń tìtorí rẹ̀ banú jẹ́ ń fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà

Kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wọn ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Kò pọn dandan kí ẹ wọn gbogbo ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí. Méjì tàbí mẹ́ta tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà wọ̀n ọ́n nígbà tó bá tún yá.

Ìyípo ikùn. Téèpù aránṣọ tó fún èyí. Ẹ dìde dúró, kí aṣọ kúrò lára ikùn. Ẹ fi ìka wá ibi tí egungun ìhà tó kángun sísàlẹ̀ parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ẹ tún wá òkè egungun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì gan-an ni téèpù máa gbà. Kó má lọ́, kó má fún ara, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má wálẹ̀ ju iwájú lọ. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe máa ń mí, lẹ́yìn náà kí ẹ kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o. Téèpù kò ní bínú sí yín.

Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ń lò ni pé ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i bí ìyípo ikùn ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin sì kọjá 80. Bó bá kọjá 102 fún ọkùnrin tàbí 88 fún obìnrin, ewu náà ti pọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ há iye wọ̀nyí sórí lè wọn gíga ara rẹ̀, kó pín in sí méjì: kí ikùn má tó ìdajì yẹn.

Ìlù ọkàn. Láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ gbé ìka méjì, èyí tí ẹ fi ń tọ́ka àti ìka àárín, sí ọrùn ọwọ́ kejì, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹ ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Láàárín 60 sí 100 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà nígbà tí ara bá sinmi. Bí eré ìdárayá bá ṣe ń mọ́ èèyàn lára sí i, iye yìí sábà máa ń wálẹ̀.

Àga. Ẹ fẹ̀yìn àga tí kò ní apá ti ògiri, kí ẹ jókòó sí àárín rẹ̀, kí ẹ pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ẹ dìde tán pátápátá, ẹ tún jókòó, ẹ máa bá a lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹnì kan máa bá yín ka iye ìgbà tí ẹ dìde. Nínú òdiwọ̀n tí CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, ń lò, ọkùnrin ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò bá lè dé 14, tàbí obìnrin ọjọ́ orí kan náà tí kò bá lè dé 12, wà lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó tètè máa ṣubú. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju òṣùwọ̀n lọ, torí ó ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe, kì í ṣe bí ara ṣe wúwo tó.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kàn ilẹ̀kùn kó tó wọlé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín. Kí ẹ má mu sìgá tàbí kọfí, kí ẹ má sì ṣe iṣẹ́ agbára láàárín 30 ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Kí ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí apá wà ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí iye tòkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí iye tìsàlẹ̀ bá tó 90, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ dọ́kítà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Bí àfojúsùn ṣe ń di ohun tó ṣe é kà

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

"Mo fẹ́ máa rìn dáadáa."

"Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, màá rìn fún 20 ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Èkejì ní iye, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ó sì so rírìn mọ́ ohun tí onítọ̀hún ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Peter Gollwitzer, ará Jámánì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé ní 1999 pé ẹni tó bá ti pinnu ìgbà àti ibi tí òun yóò ti ṣe nǹkan ("bí báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, màá ṣe báyìí") máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ. Nítorí náà, ẹ má kọ "lójoojúmọ́" lásán. Ẹ kọ ohun tó máa rán yín létí: ìparí àdúrà àárọ̀, àtidé láti oko, ìgbà tí ọmọ bá ti sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara kù náà lè ní iye tirẹ̀. Ní 2002, èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú. Ohun méjì tó ṣe é kà ni wọ́n gbé síwájú wọn: kí wọ́n dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ wálẹ̀ ní ìdá 58 nínú 100 láàárín wọn. Fún ẹni tó jẹ́ kílò 90, ìdá 7 yẹn kò ju kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Kò dìgbà tí èèyàn bá padà sí bó ṣe rí nígbà ọ̀dọ́ kí ara tó jàǹfààní. Kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, láàárín ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀. Èyí tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń padà wá.

Ṣé iṣẹ́ oko wà nínú ìṣirò?

Ó wà níbẹ̀. Ohun tí WHO là kalẹ̀ ní 2020 fún àgbàlagbà ni 150 sí 300 ìṣẹ́jú iṣẹ́ ara tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kò sẹ́ni tó ní dandan kó jẹ́ eré sísá. Ríro oko, gbígbé ẹrù, pípọn omi àti fífi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló kún un. Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ bó ṣe le tó rọrùn: bí ẹ bá lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ó mọ níwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ó le.

Nítorí náà, ẹni tó ń roko láti àárọ̀ di ọ̀sán lásìkò iṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ní kó tún lọ sáré nírọ̀lẹ́. Oorun ló yẹ kó kà: wákàtí méje ó kéré tán fún àgbàlagbà. Tí iṣẹ́ oko bá dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni àfojúsùn rírìn ti wúlò, torí ara máa ń tètè rọ. Ẹni tó ń wa katakata náà ń lọ sóko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ló ń jókòó. Àfojúsùn tirẹ̀ kò lè bá ti ẹni tó mú ọkọ́ dọ́gba. Àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 ní láti fi ohun tó ń jẹ́ kí ara dúró ṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bíi dídúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́ ni òfin. Kì í ṣe òfin. Láti ara ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń tà ní Japan ní 1965, ni iye yẹn ti wá, wọn ò fi ìwádìí gbé e kalẹ̀. Bí fóònù yín bá fi hàn pé 3,000 lẹ ń rìn báyìí, 4,000 ni àfojúsùn yín.

Ọmọdé ọdún 5 sí 17 nílò 60 ìṣẹ́jú eré lóòjọ́. Ìṣẹ́jú eré nìkan ni kí ẹ kà fún wọn. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n láti fi í wé ọmọ ìyá rẹ̀.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kan lára ògiri, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, àmì kan fún ọjọ́ tó bá ṣe é. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn ikùn àti ìdánwò àga lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n, kó jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kó tó jẹun.

Ọjọ́ kan tó bá bọ́ kò ba nǹkan jẹ́. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tọpa bí ìwà tuntun ṣe ń mọ́ èèyàn lára: nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn wọn, àmọ́ ó gba ẹlòmíì ní ọjọ́ 18, ó sì tó 254 fún àwọn kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọn ò ṣe é kò dá wọn padà sẹ́yìn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tẹ̀ léra tí àmì kò tó ìdajì, àfojúsùn náà ló ga jù. Ẹ dín in kù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, aláboyún, àti ẹni tó ti pẹ́ tó ti ṣe iṣẹ́ agbára kẹ́yìn, ẹ rí òṣìṣẹ́ ìlera ná. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró torí pé iye tuntun dára. Oògùn náà lè wà lára ohun tó mú un dára. Bí àyà bá ń dunni, tí òòyì ń kọ́ni, tàbí tí èémí kò délẹ̀ nídìí eré ìdárayá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ àìsàn tàbí ìṣòro míì ló dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì iye tí ẹ fi sílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ padà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.