Iná lọ, ráútà kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí páwà báǹkì, bátìrì àti fáànù tó ń gba ṣájì

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, fóònù ni mò ń tún ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ àìsíná ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá wá báyìí. Mo kó díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn jọ síbí. Kí n tó dáhùn ìkankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn ṣájà ohun tí ẹ fẹ́ lò wò. Ìkọ̀wé wíwẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Output", iye fólútì (V) àti áńpù (A) ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi A sọ V di púpọ̀, wáàtì tí nǹkan náà lè jẹ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ iye yìí kó tó lọ sọ́jà kò ní ra ohun tí kò lè gbé ẹrù rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra wáyà tó ń sọ USB di 12V kí n lè fi páwà báǹkì gbé ráútà íńtánẹ́ẹ̀tì wa tí wọ́n bá mú iná lọ. Ó ń tàn, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá ti ń wo fídíò, á kú, á tún tàn fúnra rẹ̀. Páwà báǹkì sì kún. (Olùkọ́ kan, Òkè-Ìléwó)

Ẹ̀gbọ́n, ráútà yín ò bàjẹ́, ebi ló ń pa á. Ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ kọ 12V, 1A, wáàtì 12 nìyẹn. Ẹnu páwà báǹkì yín kọ 5V, 2A, wáàtì 10 péré. Wáyà tó ń gbé 5 lọ sí 12 náà á bù jẹ nínú rẹ̀, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ ráútà kò ní ju wáàtì 9 lọ. Tí ẹnì kankan ò bá lò ó, wáàtì 5 tàbí 6 lè tó o, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn. Bí ọmọ mẹ́ta bá jọ ṣí fídíò, á béèrè sí i, kò sì sí ibi tí páwà báǹkì ti máa rí i fún un.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e wá. Mo ki mítà USB kékeré tó ń ka fólútì bọ àárín páwà báǹkì àti wáyà, ó ń kọ 5.0V. Mo ní kí ẹ ṣí fídíò, a jọ tẹjú mọ́ ọn: 4.8, 4.6, 4.3, gbogbo iná ara ráútà sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ìfàgùn tín-ín-rín tí ẹ fi sí i kó lè dé orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń fa ìdajì wàhálà yẹn. Nígbà tí mo yọ ọ́, kò lọ sísàlẹ̀ ju 4.8 lọ mọ́, ráútà sì dúró.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ yọ ìfàgùn, kí ẹ sì rí i pé ihò tí wọ́n kọ 2A sí lẹ lò, torí ọ̀pọ̀ páwà báǹkì ló ní ihò méjì tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 1A. Tó bá ṣì ń kú, ẹ wá páwà báǹkì tí wọ́n kọ 12V sí ara ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó lè béèrè 12V náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni àpótí kékeré tó ní bátìrì nínú, tí wọ́n ń pè ní mini UPS. Àárín ṣájà àti ráútà ló máa ń wà tọ̀sán tòru. Iná lọ, ráútà ò ní mọ̀ rárá. Ẹ ṣáà rí i pé ẹnu 12V lẹ so mọ́ ráútà 12V, kí àwòrán + àti − tó wà lára àpótí náà sì bá ti ara ráútà mu. Ẹni tó bá fi 12V sínú ráútà 9V lè sun ún.

Ṣé kò ní dáa kí n kúkú ra íńfátà kékeré, kí n ki ṣájà ráútà bọ̀ ọ́?

Íńfátà á sọ 12V bátìrì di 220V, ṣájà yín á tún sọ 220V yẹn padà di 12V. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà, íńfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹun kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n náà lẹ fẹ́ gbé, ẹ rà á. Fún ráútà, fóònù àti gílóòbù kan, rárá.

Mo sì bẹ àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí fóònù méjì: ẹ dákun, ẹ gbé e jáde, kó jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn sójú oorun.

Páwà báǹkì mi jẹ́ 20,000mAh, fóònù mi 5,000mAh. Kí ló dé tí kì í kún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Sólà ẹ̀yìn rẹ̀ náà ò ṣe nǹkan kan. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àlàbàtà)

Àbúrò mi, ẹni tó tà á fún ẹ lè má parọ́. Ní 3.7V tí bátìrì inú rẹ̀ ń lò ni wọ́n ti ka 20,000 yẹn, àpapọ̀ iná tó lè gbà jẹ́ wáàtì-wákàtí 74. Páwà báǹkì á gbé 3.7 lọ sí 5V, fóònù á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ooru tí ò ń gbọ́ lára méjèèjì, iná tó ṣòfò nìyẹn. Tó bá kún fóònù rẹ lẹ́ẹ̀méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Irọ́ gidi wà níbòmíràn. Mo tú ọ̀kan tí wọ́n kọ 50,000 sí: bátìrì roboto mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, èyí tó dáa jù lára àwọn tó wọ́pọ̀ kì í ju 3,500 lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45, kò tó ẹyin adìẹ kan. 50,000 tòótọ́ máa gbà tó mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí èyí tí wọ́n nà sí ẹ bá fúyẹ́ bíi fóònù, dá a padà fún wọn.

Ní ti sólà, àwo tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn kì í sábà fúnni ju wáàtì 1 tàbí 2 lọ. Yóò jù ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú oòrùn kó tó kún, oòrùn náà á sì ti ba bátìrì jẹ́. Àwo sólà wáàtì 20 lọ́tọ̀ lórí páànù, tí wáyà rẹ̀ wọlé wá bá páwà báǹkì lábẹ́ òjìji, ìyẹn ló nítumọ̀.

Tí mo bá so gílóòbù USB kékeré mọ́ páwà báǹkì, láìpẹ́ á kú.

Ohun tó ń jẹ kéré jù, páwà báǹkì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, àwọn kan nínú wọn máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ so fóònù mọ́ ihò kejì.

Ọmọ mi, mo lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Nígbà tí mo dé, fáànù mi tó ń gba ṣájì ò gba iná mọ́. (Bàbá kan, Ìbarà)

Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá. Bátìrì olójé ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú fáànù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lófìfo. Iyọ̀ funfun kan á gan mọ́ òjé inú rẹ̀, bí èyí tó máa ń gan mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù, iná ò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wò ó. Bátìrì 12V tó kún tó sì ti sinmi máa ń kọ nǹkan bíi 12.7. Tó bá ti kọ 12.0, ó yẹ kí ẹ ti ṣájì í. Tó bá wà nísàlẹ̀ 10 tí kò sì gba ṣájì mọ́, ó ti lọ.

Ẹ má sọ fáànù nù. Bátìrì nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀, V kan náà, Ah (iye iná tó ń gbà) kan náà, pupa sí pupa. Tí ẹ bá tún ń rìnrìn àjò, ẹ kún un kí ẹ tó lọ, kí ẹnì kan nílé sì máa ṣájì í lóṣooṣù. Páwà báǹkì yàtọ̀ sí i, ìdajì ló dáa kí ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀ sí. Ògbólógbòó bátìrì yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú ọgbà yín. Májèlé ni òjé, pàápàá fún àwọn ọmọ-ọmọ yín.

Páwà báǹkì mi wú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣájì fóònù. Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ jáde? (Ìyá aláàdìrẹ kan, Ìtòkú)

Ẹ má dán an wò, ìyá mi. Iná tó ń jó ni yóò jáde, kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan. Ẹ yọ wáyà lára rẹ̀ báyìí, ẹ má ṣájì í mọ́ láéláé. Ẹ gbé e kúrò láàárín aṣọ, ẹ fi sínú garawa onírin tí yanrìn wà nínú rẹ̀, níta, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o. Ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Tí ẹ bá ra òmíràn, orí sìmẹ́ǹtì lásán ni kí ẹ ti máa ṣájì í, lójú yín, kì í ṣe lórí òkìtì àdìrẹ tí ẹ gbé èyí lé níjọ́sí tí mo wá.