Ilé Àtijọ́ Létí Ọ̀sà àti Igbó: Ikán, Eku, Ẹ̀fọn àti Oògùn Wọn

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ilé pákó, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó ni ìwé yìí wà fún, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ. Ọ̀sà wà níwájú, igbó wà lẹ́yìnkùlé. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ paánù àti ìṣó, ọ̀rinrin ń ra pákó, eku sì ń ti inú igbó bọ̀ wá wo ohun tó wà nílé. Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru ọjọ́ orí ilé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní Àgbádárìgì lọ́dún 1845 ṣì wà lórí ìdúró. Ihò tí a kò dí, òrùlé tó ń jò àti igi tó fara kanlẹ̀ ló ń pe kòkòrò wọlé, oògùn kò sì lè dí ihò. Ẹni tó bá ra oògùn kó tó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe yóò máa ra oògùn lọ ni.

Ikán

Oríṣi méjì ló wà, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Èkíní ń ti inú ilẹ̀ wá. Ẹ óò rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ìpìlẹ̀ gun ògiri, pàápàá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú kì í dé. Ẹ ha àárín rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún un mọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi èèkù ọ̀bẹ lu àtẹ́rígbà àti férémù ilẹ̀kùn. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, wọ́n ti jẹ inú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, tí èsúnsún bá ń tú jáde láti inú ògiri yín, ẹ má kàn gbé abọ́ omi sábẹ́ iná kí ẹ máa yọ̀ pé ẹran dé. Àwọn òbí wọn ń gbé pẹ̀lú yín.

Ẹ kó igi ìdáná, pákó àti èèpo àgbọn kúrò lára ògiri. Opó tó bá wọlẹ̀ tààrà, ẹ gbé e lé kọnkéré. Ẹ má jẹ́ kí yanrìn tàbí koríko bo ìpìlẹ̀, kí ojú lè máa rí i. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ pákó, ìrókò ni kí ẹ wá. Àrẹ̀rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Bí ọ̀rọ̀ bá di dída oògùn yí ilé ká, ẹ pe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì bi í ní orúkọ ohun tó gbé wá. NAFDAC ti fòfin de oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ chlorpyrifos láti oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ilẹ̀ etí òkun jẹ́ yanrìn, omi kò sì jìnnà nísàlẹ̀, nítorí náà ohun tí a bá dà sídìí ògiri lè dé kànga. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fọwọ́ sí òìlì mọ́tò tó ti dúdú tí àwọn kan ń dà sílẹ̀.

Èkejì kò nílò ilẹ̀. Inú igi gbígbẹ ló ń gbé, kì í sì í mọ ọ̀nà amọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ óò rí, hóró wínníwínní tó ń jábọ́ sórí ilẹ̀ tàbí sórí ibùsùn láti ihò kékeré kan. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́: yanrìn kì í dọ́gba, àwọn hóró yìí dọ́gba, bí ẹ bá sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ló ní. Oògùn ilẹ̀ kò kàn án. Ẹ gé igi náà kúrò, kí ẹ sun ún níta. Bẹ́ẹ̀dì àti àga àlòkù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó wọlé.

Eku

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá ń sun igbó, eku a ya wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ló ń gbé ibà Lassa kiri, Ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára ibi tí àrùn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ìtọ̀ rẹ̀ lórí gààrí tí a sá síta ti tó láti kó o ran èèyàn. Inú ike tàbí agolo tó ní ìdérí ni kí gààrí, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ máa wà. Àpò kò dí eku lọ́wọ́.

Ihò tí àtàǹpàkò yín bá wọ̀, èkúté lè gbà á. Ẹ fọ́ ìgò, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí ẹ fi dí i. Ẹ wo ibi tí paánù ti pàdé ògiri, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ òrùlé. Tàkúté sàn ju májèlé lọ: eku tó jẹ májèlé á lọ kú sínú àjà, ẹ̀yin lẹ óò sì máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí àjà náà bá jẹ́ asbestos, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀, nítorí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ́n omi tí a po bílíìsì mọ́ sí i, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Eku tó kú, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e. Ejò ń tọ eku wá ni. Níbi tí kò bá sí eku, sèbé kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀fọn

Ẹ da omi inú èèpo àgbọn, táyà àti agolo nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dojú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ kò lò délẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀fọn kò lè yé sínú omi oníyọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ibà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nẹ́ẹ̀tì onírin kì í pẹ́ dípẹtà létí òkun, ẹ lo ti ike sójú fèrèsé.

Oògùn inú ìgò

Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa oògùn apakòkòrò Sniper nínú ìgò kékeré 100ml. Oògùn oko ni, kì í ṣe oògùn yàrá. Síbẹ̀ àwọn kan ń fín in sára ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ sọ́jà. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é. Ẹja tí a yan gbẹ dáadáa, tí a sì tọ́jú sínú ohun tó ní ìdérí, kò nílò rẹ̀.

Ẹ má bu oògùn sínú ìgò omi tàbí ti mínírà, torí ọmọdé lè gbé e mu. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì. Bí ó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́.