Bí A Ṣe Ń Dá Ẹni Tó Ní "Ṣé Ọlọ́run Tiẹ̀ Ń Wò Wá?" Lóhùn

Aṣáájú ìpàdé inú ilé ní Kubwa là ń kọ èyí fún, àti ìyá àṣàlátù ní Mararaba, àti ẹ̀gbọ́n tí àbúrò rẹ̀ pè láti Lugbe ní aago mọ́kànlá òru pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń wò wá?" Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja ń gba ọ̀nà Kaduna, ó ń wọkọ̀ ní Nyanya, ó ní ìbátan ní Jos tàbí ní Mokwa. Ìbéèrè yìí á kàn án lọ́jọ́ kan. Lójú tiwa, bí àwọn èèyàn ṣe ń dá a lóhùn ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìdáhùn máa ń yá jù, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ìbéèrè mẹ́ta mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì gbóná

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má dáhùn ìbéèrè kankan. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ ní ọ̀sán méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀, ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Níkẹyìn, Ọlọ́run sọ fún Élífásì pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ (Jóòbù 42:7). Ẹ kíyè sí i: Jóòbù tó ń jiyàn, tó gégùn-ún fún ọjọ́ tí wọ́n bí i, ni Ọlọ́run gbè lẹ́yìn.

Kí èèyàn méjì lọ, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ gbé oúnjẹ tó ti jinná dání, torí àlejò máa ń kún ilé ọ̀fọ̀ tí ẹni tọ́rọ̀ kàn kò sì ní rí nǹkan jẹ. Àmàlà á ti le kí ẹ tó dé. Ìrẹsì dára jù, kí ọbẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ má lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. "Ẹ kú ìrọ́jú" tó, lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Bí ó bá ké pé, "Kí ni mo fi ṣe Ọlọ́run?", igbe ni. Kò retí àlàyé. "Mi ò mọ̀" ni òtítọ́ tó wà lẹ́nu èèyàn nígbà náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ gbàgbé pátápátá. "Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà jù wá lọ ni": àwọn àbúrò ọmọ tó kú wà nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́, ẹ̀rù ìfẹ́ Ọlọ́run á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ṣì ní méjì": kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ díwọ̀n ọmọ. "Ẹ yẹ ara yín wò": ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù gan-an nìyẹn. "Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́" kò burú, àdúrà ni. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó.

Ìbéèrè mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn

Nígbà tí ó bá wá fúnra rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé: "Èwo gan-an ló ń dùn yín jù? Kí ló fà á ni, àbí ta ló jẹ̀bi, àbí ibo ni Ọlọ́run wà?" Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ẹ̀kẹta ni, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ síwájú, ẹ ó rí i pé àkọ́kọ́ ni. Bí ẹ bá wá lọ fi ìwàásù dá ìbéèrè ilé ìwòsàn lóhùn, á wò yín bí ẹni tó ń tan òun jẹ, òótọ́ ni.

Ẹ mú tọkọtaya tí genotype ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti mú ọmọ SS wá, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Oyún kọ̀ọ̀kan ni o. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ọ̀pọ̀ ló ṣi èyí gbọ́, tí èkejì bá tún jẹ́ SS, wọ́n á ní Ọlọ́run dójú lé àwọn. Àlàyé dókítà fún ogún ìṣẹ́jú á gbé ẹrù yẹn kúrò lórí wọn ju ọjọ́ mọ́kànlélógún ààwẹ̀ lọ. Ní 2010 pẹ̀lú, àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní Zamfara. Òjé ló wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Ọmọ tó kú lé ní 400. Nígbà tí wọ́n kó ilẹ̀ onímájèlé náà kúrò, tí wọ́n fún àwọn ọmọ tó kù ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára, ikú náà rọlẹ̀. Àrùn yírùnyírùn (meningitis) náà ńkọ́? Àjẹsára fún ẹ̀yà A rẹ̀ dé Nàìjíríà ní 2011, ẹ̀yà yẹn tó ti ń pa èèyàn lọ́gbẹlẹ̀ ní gbogbo àríwá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àwọn ẹ̀yà míì ló ń yọ wá lẹ́nu báyìí.

Ìbéèrè kejì, ta ló jẹ̀bi, kó má bọ́ sọ́wọ́ aláàánú-ètè. Ní April 14, 2014, bọ́ǹbù pa èèyàn tó lé ní àádọ́rin ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 ní Chibok. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá sáré sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni" níbi tí apànìyàn àti ẹ̀ṣọ́ tó sùn wà, ṣe ló ń bá wọn fọ ọwọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tọ́ràn dé bá bínú sí ẹni tó yẹ kó bínú sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbínú tó rò pé òun ń bá Ọlọ́run bí, ìjọba ló ń bá bí i, kò kàn sẹ́ni tó fún un láyè láti sọ ọ́ ni.

Ní ilé tiwa, ìbéèrè kejì yìí ní ewu kan tó ju gbogbo èyí lọ. "Ta ló jẹ̀bi?" kì í pẹ́ di "Ta ló ṣe é?", ìka á sì tọ́ sí ìyá ọkọ tàbí sí opó tó ń dá gbé. Òfin kan ni kí ẹ fi lélẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ èèyàn tí kò ní ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ lè gbà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kódà bí wòlíì tàbí àfáà ló rí i lójú ìran. A ti rí ìdílé tí ikú ọmọ kan kò tú ká, tí orúkọ ìyá àgbà kan ṣoṣo tú ká.

Ibo ni Ọlọ́run wà?

Àwọn baba ńlá wa ní tibi tire la dá ilé ayé. Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, ajogun ni wọ́n, agbára tó ń bá èèyàn jà, wọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Ifá kò kó gbogbo rẹ̀ lé Olódùmarè lórí. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yìí gún jù, torí a ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ló lágbára lórí ohun gbogbo, a sì ní aláàánú ni. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti ọ̀dọ̀ Epicurus wá, ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 270 ṣáájú Kristi, ló jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀: bó bá fẹ́ mú ibi kúrò tí kò lè ṣe é, agbára rẹ̀ dà? Bó bá lè ṣe é tí kò fẹ́, àánú rẹ̀ dà?

Ẹ mọ àwọn ìdáhùn, kí ẹ sì mọ ibi tí okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já. Èyí tí a ń gbọ́ jù ni òmìnira: Ọlọ́run fún èèyàn láyè láti yàn, ajínigbé sì yan ibi. Ní 1955, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, J. L. Mackie, béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run alágbára kò dá àwọn tó lómìnira, síbẹ̀ tí wọ́n á máa yan rere nígbà gbogbo. Alvin Plantinga, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó jẹ́ Kristẹni, dá a lóhùn pé bí Ọlọ́run bá ti rí sí i pé rere ni èèyàn á yàn, ìyàn náà kì í ṣe ti èèyàn mọ́. Àríyànjiyàn tó lágbára ni, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá tí yírùnyírùn pa ọmọ rẹ̀. Kòkòrò kò yan nǹkan kan.

Ìdánwò ńkọ́? Àgbàlagbà lè bojú wẹ̀yìn kó ní ìyà kan sọ òun di èèyàn. Òun nìkan ló láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún un, ìkà ni. Kò sì wúlò fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

Ọgbọ́n tó pamọ́ ló jinlẹ̀ jù: ìtàn Ànábì Mūsā àti ẹrúsìn Ọlọ́run nínú Suratul Kahf, níbi tí Mūsā ti rí ọkọ̀ ojú omi tí a dá lu tí kò sì mọ̀dí rẹ̀, àti ìdáhùn Ọlọ́run sí Jóòbù láti inú ìjì. Ojú wa kúrú, òótọ́ ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lè gbe ohunkóhun lẹ́yìn. Wọ́n á lò ó láti pa ọmọ tí wọ́n fipá bá lò lẹ́nu mọ́, wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ òfin bá wà, ẹ má fi ọwọ́ kan ìdáhùn yìí kí ẹjọ́ tó dé tésàn.

Èyí tó ní ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ jù ú nù. Jésù kọ̀ ọ́ fún afọ́jú nínú Jòhánù 9, ó tún kọ̀ ọ́ fún àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Hàdíìsì náà ní àwọn Ànábì ni àdánwò wọn le jù láàárín èèyàn. Ní November 1, 1755, ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon, ilé ìjọsìn wó lu àwọn tó ń gbàdúrà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ń dá níbẹ̀?

Kò sí èyí tó pa ìbéèrè náà rẹ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní gbangba. Ẹni tó bá gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu aṣáájú á gba "mo mọ̀" rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Àdúrà nígbà tí ọkàn kò gbà á

Ẹ má yọ ẹni tó ń ṣiyèméjì nípò. Akọrin tó ní òun ń ṣiyèméjì tí ẹ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn ti rí ìdáhùn yín. Àwọn sàhábà kan wá bá Ànábì pé àwọn ń rí ohun kan lọ́kàn àwọn tó wúwo jù láti sọ jáde. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn kedere nìyẹn (Sọ̀híìhù Muslim). Nínú Máàkù 9:24, bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù ní, "Mo gbàgbọ́, ràn àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́," wọ́n sì wo ọmọ rẹ̀ sàn.

Kí ó máa ka ìwé mímọ́ sókè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sáàmù 88 dára fún èyí torí inú òkùnkùn ló parí sí, kò fipá mú ẹnikẹ́ni yọ̀. Mùsùlùmí lè mú Baqarah 214, níbi tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn tó gbàgbọ́ ti béèrè pé, "Nígbà wo ni ìrànwọ́ Ọlọ́run á dé?"

Ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò sùn, iyèméjì rẹ̀ á máa le sí i, wọ́n á sì pe àárẹ̀ ní ẹ̀mí àìmọ́. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ aláìmomi, torí àìtó omi lára máa ń fa ìrora àrùn náà. Ẹni tó ń lo oògùn kó máa lò ó lọ. Ẹni tí wọ́n bá bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà fún un, ẹ bá a dìde níbẹ̀.

Bí kò bá sùn tàbí jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ní ikú sàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ bi í tààrà pé ṣé ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, Sniper àti okùn kúrò nílé, kí ẹnìkan sùn tì í, kí ilẹ̀ sì má ṣú mọ́ yín kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Gwagwalada. Kaduna náà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀, ní Barnawa. Ẹ má kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá: òfin ìwà ọ̀daràn àríwá ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ fi pamọ́.

Ohun tó bá sọ, kó má dé orí WhatsApp, kódà ní gbólóhùn "ẹ bá mi gbàdúrà fún arákùnrin kan". Ní Sokoto, ní May 2022, àwọn èèyàn pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nítorí ohùn tó fi sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrò nínú ẹ̀sìn pátápátá, ọ̀rọ̀ inú ilé ni kó jẹ́. Kó ṣì jókòó sídìí àwo, kó ṣì wà níbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ìdúpẹ́ ìsìnkú, àlejò á tán, ìgbà yẹn ni ìbéèrè á wá jí dáadáa. Torí náà, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ nínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: oṣù kẹta, ọjọ́ ìbí olóògbé, àti ọjọ́ tó pé ọdún. Ẹ lọ láìmú ìwé mímọ́ dání, kí ẹ dárúkọ olóògbé, kí ẹ sì bèèrè bí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ṣe ń lọ.